Òṣùwọ̀n Kan Náà: Àwa àti Oògùn Làkúrègbé

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ orókún ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, kí ó kọ́kọ́ wo ìpàdé wa nígbà tí a bá dìde fún àdúrà ìparí: kí ó ka iye àgbà tí ń fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú kí wọ́n tó lè nà dúró. Kí ó sì lọ sí ààfin, kí ó ka iye àwọn tí ń kí Ọba lórí ìdúró, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì, nítorí pé oríkèé kò gbà fún wọn láti dọ̀bálẹ̀ mọ́. Àṣà tí a ń pariwo lójoojúmọ́ pé kí ó má ṣe parun, orókún ni a fi ń ṣe é. Bí orókún bá kọ̀, ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ di ìtàn.

Ní ọ̀ràn oògùn ìrora yìí, àwa ọmọ Yorùbá ti pín sí ọ̀nà méjì, ọ̀nà méjèèjì ni a sì wá bá wí lónìí. Apá kan ni àwọn tí ó gbàgbọ́ pé ohunkóhun tí ó bá ti inú páálí òyìnbó jáde kò lè ṣe ibi. Wọn a máa ra oògùn ìrora ní ilé kẹ́míìsì bí ẹni ra gúgúrú, wọn a gbé e mì láàárọ̀ àti lálẹ́, oṣù dé oṣù, láìbi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ kan. Apá kejì ni àwọn tí ń wí pé ewé ni ewé ń jẹ́, pé ohun tí Ọlọ́run mú hù láti inú ilẹ̀ kò lè pa ọmọ ènìyàn, àti pé ẹni tí ó bá béèrè ohun tí ó wà nínú àgbo, ẹrú òyìnbó ni. Àwa wí pé apá méjèèjì ni ó ṣìnà, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n sì ṣẹ̀: wọn kò béèrè òṣùwọ̀n.

Kí a tó sọ̀rọ̀ oògùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń wò. Làkúrègbé tí a ń fi ẹnu kan pè, àìsàn púpọ̀ ni ó fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ náà. Àkọ́kọ́, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn àgbà, ni jíjẹ oríkèé. Ohun dídán tí ó bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, oríkèé yóò máa le, yóò sì máa ro ènìyàn bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí bí ó bá ń dìde. Èkejì ni èyí tí àwọn ọmọ-ogun ara fúnra wọn dojú ìjà kọ oríkèé: ọwọ́ méjèèjì yóò wú, wọn yóò le gan-an ní òwúrọ̀, ara yóò sì rẹ ẹni náà. Èyí kì í dúró de ogbó, ó sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń jí ènìyàn lóru, tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yóò wú bí ẹni pé a fi iná sí i, nítorí pé ìdọ̀tí kan tí ó yẹ kí ìtọ̀ gbé jáde ti dì bí abẹ́rẹ́ sínú oríkèé. Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn ọmọ wa tí a bí pẹ̀lú àrùn sickle cell: orí egungun itan wọn lè kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì máa tiro nígbà ọ̀dọ́.

Ìtọ́jú ọ̀kan kì í ṣe ìtọ́jú èkejì. Fún àìsàn tí ara ti ń bá ara jà, methotrexate, tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún un ní 1988, tí a sì ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà, ni ó wà lára àwọn oògùn tí ń dá ìjà náà dúró. Bí a bá fi oògùn ìrora lásán bò ó mọ́lẹ̀, ìrora yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ yóò máa wọ́ lọ. Fún èyí tí ó dì bí abẹ́rẹ́ sínú oríkèé, oògùn tí ń dín ìdọ̀tí náà kù nínú ẹ̀jẹ̀ wà, allopurinol ni orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dúró ní gáréèjì, tí ó gbé ìgò kan ṣoṣo sókè, tí ó sì ní òun wo gbogbo làkúrègbé, ó ti purọ́ kí ó tó ṣí ìdérí ìgò náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá bá apá kìíní sọ̀rọ̀, àwọn olùfẹ́ páálí. Àwọn oògùn tí wọ́n ń gbé mì, ọmọ ìyá kan náà ni púpọ̀ nínú wọn: aspirin ni àkọ́bí, ibuprofen, naproxen, piroxicam àti diclofenac sì ni àwọn àbúrò. Kí àwọn tí ń tàbùkù ewé ilẹ̀ wa sì gbọ́ èyí: láti ara igi ni ìdílé náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1763, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edward Stone, kọ ìwé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń jẹ́ Royal Society, ó ní òun sá èèpo igi willow gbẹ, òun lọ̀ ọ́, ó sì ń lé ibà lọ. Kò wí pé àwọn baba òun ni ó fi í hàn òun lójú àlá. Ó kọ ìwọ̀n tí ó fún àwọn aláìsàn, ó kọ iye wákàtí tí ó wà láàrin ẹ̀ẹ̀kan àti èkejì, ó sì kọ pé bí ènìyàn 50 ni òun ti dán an wò lára wọn. Láti ibẹ̀ ni àwọn mìíràn ti tọ ipa náà lọ, títí di 1897 tí Felix Hoffmann ṣe aspirin ní ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì. Ní 1969 ni ibuprofen, tí Stewart Adams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ní Nottingham, jáde sí ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ni ó mú kí èèpo igi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ohun tí gbogbo ayé ń rà, nígbà tí èèpo igi tiwa ṣì wà nínú ìgò ògógóró létí ọ̀nà? Kì í ṣe àwọ̀ ara. Kì í ṣe pé Ọlọ́run fẹ́ràn igi wọn ju tiwa lọ. Òṣùwọ̀n ni.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ó gbé oògùn náà ga ni ó tún fi àbùkù rẹ̀ hàn. Ní 1971, John Vane fi hàn ní London bí aspirin àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tí a fi fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ohun kan wà nínú ara tí wọ́n ń pè ní prostaglandin. Òun ni ó ń mú oríkèé wú, tí ó sì ń jẹ́ kí ó máa ro ni. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ẹ̀ṣọ́ tí ń dáàbò bo ara inú ikùn kí omi kíkan má ba à jẹ ẹ́, òun náà ni ó sì ń bá wa ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí kídìnrín nígbà tí nǹkan bá le. Oògùn ìrora kò mọ èyí tí ó wà ní orókún yàtọ̀ sí èyí tí ó wà ní ikùn. Bí ó bá ti dé, gbogbo ẹ̀ṣọ́ náà ni ó ń lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyí tí orókún fi ń rọ̀ tí ọgbẹ́ inú sì ń ṣẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, fi lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ náà tún ru sókè láti ọjọ́ tí ó ti ń gbé diclofenac mì. Ẹni tí ó bá sì lo diclofenac láàárọ̀, tí ó fi ibuprofen lé e lọ́sàn-án, kò lo oògùn méjì: ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ó gbà sílé láti bá ikùn kan jà.

Àwọn baba wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí igún ní ilẹ̀ Íńdíà àti Pakistan. Ẹyẹ tí ó kún ojú ọ̀run níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kú ní àwọn ọdún 1990, títí ó fi kù díẹ̀ kí ó tán pátápátá. Ní 2004 ni àwọn onímọ̀ rí ìdí rẹ̀. Àwọn olùsìn màlúù ń fún ẹran wọn ní diclofenac, ẹran a kú, igún a jẹ òkú rẹ̀, kídìnrín igún a sì bàjẹ́. Ní 2006, ìjọba Íńdíà fi òfin de oògùn náà fún ẹran ọ̀sìn. A kò wí pé ènìyàn ni igún, nítorí ara wa gba oògùn yìí ju ti igún lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè ṣe èyí sí ẹyẹ tí ń jẹ òkú tí kò sì ṣàìsàn, kì í ṣe ohun tí bàbá ẹni ọdún 75 yóò máa jẹ bí obì.

Ẹ gbọ́ iye rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn 1,000 bá ń lo diclofenac ní ìwọ̀n ńlá fún ọdún kan, nǹkan bí 3 ni yóò ní àìsàn ọkàn tàbí àrùn ẹ̀gbà tí wọn kì bá tí ní, ọ̀kan nínú àwọn 3 náà yóò sì kú. Mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún kéré lójú ẹni tí ń tà á, ṣùgbọ́n kò kéré ní ilé tí òkú ti jáde. Àwọn òyìnbó pẹ̀lú ti jìyà ọ̀ràn yìí. Rofecoxib, tí ilé iṣẹ́ Merck ń tà pẹ̀lú orúkọ Vioxx láti 1999, tí a sọ pé ó ṣàánú ikùn, ni wọ́n kó kúrò lọ́jà ní oṣù kẹsàn-án 2004 nítorí ó ń fa àìsàn ọkàn.

Ǹjẹ́ àwa ń wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo oògùn wọ̀nyí mọ́? Rárá o. Oògùn tí ń jẹ́ kí ìyá àgbà sùn, kí ó sì rìn dé ilé ìjọsìn, kì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí a ń wí ni pé ó ní ìlànà. Àjọ NICE, tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wí ní 2022 pé fún orókún tí ó ti jẹ, ìdárayá àti dídín ìsanra kù ni ìpìlẹ̀. Bí oògùn yóò bá wọ̀ ọ́, kí a kọ́kọ́ lo èyí tí a ń fi pa ara, nítorí díẹ̀ kíún ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó ni kí a tó gbé èyí tí a ń mu wá, kí ó jẹ́ ìwọ̀n tí ó kéré jù tí ó lè ṣiṣẹ́, fún ìgbà tí ó kúrú jù, pẹ̀lú oògùn tí ń dáàbò bo ikùn. Ẹ wò ó: àwọn tí ó ṣe páálí náà fúnra wọn fi í sí ẹ̀yìn. Àwa ni a gbé e sí iwájú!

Nísinsìnyí, ẹ̀yin olùfẹ́ àgbo, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́, ó kàn yín.

Inú wa dùn láti sọ pé a kì í ṣe òfo ní ilẹ̀ yìí. Ní 2008, àwọn oníṣègùn ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìdánwò kan jáde tí ó yẹ kí a kọ sí ara ògiri gbogbo ilé ìpàdé wa. Wọ́n mú orógbó tiwa, orógbó tí a fi ń súre kí ènìyàn lè gbó, wọ́n sọ ọ́ di oògùn tí ó ní ìwọ̀n, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ naproxen, lẹ́gbẹ̀ẹ́ celecoxib, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò ní agbára ìrora kankan, fún àwọn tí orókún wọn ti jẹ. Wọn kò fi ìlù sí i, wọn kò fi gbohùngbohùn sí i. Wọ́n wọn ìrora, wọ́n wọn bí orókún ti le tó, wọ́n sì rí i pé orógbó dín ìrora àti líle náà kù ju ti aláìlágbára lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tí olóòótọ́ ń sọ: pé ó kù kí a ṣe ìdánwò sí i, kí a lè mọ ìwọ̀n tí ó tọ́ àti ohun tí yóò ṣe lára bí a bá lò ó pẹ́.

Ẹ̀yin ará, èyí ni ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni. Ìdánwò kan tí kò tóbi kò tó láti fi búra, jíjẹ orógbó lẹ́nu lásán kò sì jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú èyí tí a wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan tí a gbé ní Ifẹ̀ ṣe orógbó ní iyì ju ẹgbẹ̀rún àsọdùn lọ. Òṣùwọ̀n kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ní 2006, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé glucosamine àti chondroitin, tí àwọn ọmọ wa ń fi owó ńlá rà ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun, sórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ènìyàn 1,583. Nígbà tí a ka gbogbo wọn pọ̀, kò sàn ju oògùn aláìlágbára lọ. Òṣùwọ̀n tí ó gbé orógbó sókè ni ó rẹ páálí olówó ńlá sílẹ̀. Kí ni a wá ń bẹ̀rù nínú rẹ̀?

Àwa mọ ohun tí àwọn kan ń bẹ̀rù, a ó sì sọ ọ́ láìfi epo bọ̀yọ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù kí a má ba à rí ohun tí ó wà nínú ìgò. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tà bí àgbo làkúrègbé, tí ń ṣiṣẹ́ bí idán láàrin ọjọ́ kan, agbára rẹ̀ kò ti inú ewé wá. Oògùn òyìnbó ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀: diclofenac, àti dexamethasone tí ó burú jù ú lọ. Kì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Ní 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ léraléra nípa oògùn oríkèé kan tí páálí rẹ̀ kò sọ nǹkan kan ju egbòogi àti ohun ìlera lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn méjèèjì yìí gan-an ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ìròyìn ẹ̀dọ̀ tí ó bàjẹ́ àti ti ikú ni ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn.

Dexamethasone jẹ́ ọmọ ìdílé cortisone. Ní 1948, Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí oríkèé rẹ̀ ti di ní cortisone ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni ó dìde rìn. Ní 1950, wọ́n fún Hench àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi rí owó tí ara ń san: ojú a wú róbótó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a ga, egungun a fúyẹ́, orí egungun itan sì lè kú. Èyí tí ó burú jù ni pé ara kò ní ṣe irú tirẹ̀ mọ́, nítorí ó ti rí èyí tí a ń bù fún un. Ọjọ́ tí a bá dá a dúró lójijì, ẹni náà lè ṣubú lulẹ̀ kí ó sì kú.

A rí i pẹ̀lú ojú wa. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí a kò ní dárúkọ, ra àgbo lọ́wọ́ ẹnì kan, tí a kò ní dárúkọ pẹ̀lú, ó sì mu ún fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ní oṣù kìíní ó jó níbi ìsìnkú. Ní oṣù kẹfà ojú rẹ̀ kún, a sì ń kí i pé ayé ń yẹ ọ́n, Bàbá. Àwa tí a pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé, àìsàn ni a ń kí kú oríire! Nígbà tí ó rìnrìn àjò láìmú ìgò náà dání, ó dákú ní ọjọ́ kẹrin. Ṣúgà rẹ̀ ti ga, ara rẹ̀ kò sì lè gbé ara rẹ̀ ró mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ká ẹni tí ó tà á mọ́, ó jẹ́wọ́ pé hóró kan wà tí òun ń lọ̀ sí i "kí ó lè yára jẹ́". Bàbá náà wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀pá méjì ni ó fi ń rìn.

Ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe èyí kì í ṣe oníṣègùn ìbílẹ̀. Ó jí oògùn òyìnbó, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ ewé, ó sì tà á fún wa ní orúkọ àwọn baba wa. Bí ó bá ṣiṣẹ́, ewé ni yóò gba ìyìn tí kò tọ́ sí i. Bí ó bá pani, ewé ni yóò ru ẹ̀bi tí kò dá. Kò sí òyìnbó kan tí ó tàbùkù ìṣègùn ilẹ̀ wa tó ẹni yìí. Síbẹ̀ òun ni a ń gbà láyè lójú agbo, tí a sì ń pè ní alágbàwí àṣà. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àfi kí ó má jẹ́ orí ibojì ni yóò ti bá a.

A mọ èsì tí yóò dé bá wa. Àwọn kan yóò wí pé, "Àwọn baba wa kò wọn ewé, wọ́n sì gbó." Kì í ṣe òtítọ́. Àwọn baba wa wọ̀n ọ́n. Oníṣègùn àtijọ́ mọ iye ewé, ó mọ àkókò tí a ń já a, ó mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ mu ún, ó sì máa ń béèrè oyún lọ́wọ́ obìnrin kí ó tó bu àgbo fún un. Ẹni tí ń ti orí gbohùngbohùn ta ìgò kan náà fún aláboyún, fún ọmọdé àti fún arúgbó, òun gan-an ni ó kọ àṣà baba wa sílẹ̀. Àwọn mìíràn yóò wí pé, "NAFDAC ti fi nọ́ńbà sí i." Ẹ ka ìgò náà dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ egbòogi tí àjọ náà kọ sínú ìwé rẹ̀, a kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ń pè ara rẹ̀ wò. Nọ́ńbà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo làkúrègbé.

Àwọn mìíràn sì tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ wá lára, àwọn tí ń wí pé, "Ilé ìwòsàn jìnnà, ó sì wọ́n, kí ni kí á ṣe?" Èyí kì í ṣe àwáwí. Fún wọn ni a ṣe ń sọ àwọn ohun tí kò ná ni lówó. Bí ẹni tí ó sanra bá dín kílò kan kù, ẹrù tí orókún rẹ̀ ń gbé ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dín ní bí kílò 4. Kí ó jókòó lórí àga, kí ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí ó dá a dúró, kí ó sì gbé e sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójoojúmọ́: ẹran itan yóò le, yóò sì bá orókún gbé ẹrù. Kí ó máa rìn ní ìwọ̀n tí ara gbà, nítorí oríkèé tí a kò lò ń le sí i ni. Aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná, tí a fún, tí a sì fi lé e, ń tu ni lára. Kí ó sì mú ọ̀pá, kí ó dì í mú ní ọwọ́ òdìkejì orókún tí ń dùn ún, kì í ṣe ní ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀pá kì í ṣe ìtìjú lọ́wọ́ yín. Ọ̀pá ni a fi dá yín mọ̀.

Kí wá ni a ń fẹ́? Ohun mẹ́rin péré ni.

Èkíní, ẹ̀yin Ọba àti ìjòyè, ọjà wà lábẹ́ yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ẹ jẹ́ kí ó di òfin ọjà pé ẹni tí kò bá lè sọ orúkọ ewé tí ó wà nínú ìgò rẹ̀, tí kò sì gbà kí a mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kò gbọdọ̀ tà á níbẹ̀.

Èkejì, ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀ tòótọ́, ẹ yọ èpò kúrò láàrin ara yín kí ìjọba tó wá fi oko yín jóná. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀. Àṣírí tí ó bá bá yín wọ ilẹ̀, kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò jogún rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá yín ra oògùn ìrora fún oṣù kan láìjẹ́ pé a ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí a sì ti yẹ kídìnrín rẹ̀ wò. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá sì ti ń mu àgbo tí ń ṣe bí idán fún ìgbà pípẹ́, tí ojú rẹ̀ ti kún, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ lójijì. Kí ó gbé ìgò náà dání, kí ó lọ bá dókítà.

Ẹ̀kẹrin, ẹgbẹ́ tiwa yìí. A ń dá owó fún aṣọ ẹbí, a ń dá owó fún àsè ọdún, a sì ń ná an títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Kí a yọ ìdá kan nínú rẹ̀, kí a fi ran àwọn tí ó fẹ́ wọn ewé wa lọ́wọ́, kí ìdánwò orógbó ti Ifẹ̀ lè ní àbúrò tí ó tóbi jù ú lọ. Bí a kò bá lè ṣe èyí, kí a dẹ́kun láti máa wí pé òyìnbó ni ó ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Òyìnbó kò fi ọlá rẹ̀ fún igi willow, òṣùwọ̀n ni ó fi gbé igi náà ga. Òṣùwọ̀n kan náà wà níwájú wa, kò sì sí ẹni tí ó dè wá lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ewé ilẹ̀ wa, kí ó gbé e lé orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń gbé ìgò tirẹ̀ sá fún un, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tún fi orúkọ Odùduwà búra ní agbo yín mọ́.

Kí Olódùmarè fún àwọn àgbà wa ní orókún tí wọn yóò fi kúnlẹ̀, àti èyí tí wọn yóò fi dìde. Àṣẹ.